Oje Kajú

Lẹ́yìn ilé Ìyá Medúpín ní Mopa,
igi kajú ń sunkún oje pupa
sára èèpo rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
A kì í bìkítà. Èso la wá ká.

Ọdún tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbà,
mo fún òróró lára efinrin,
apẹ̀rẹ̀ ewé kan, ẹ̀kán òróró díẹ̀.
Mo pò ó mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì.
Ó gbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà.
Mo fi wé ọ̀lẹ̀lẹ̀.
Ọjọ́ kejì, òórùn efinrin ti bá ooru lọ.
Ọjọ́ kẹta, ọ̀lẹ̀lẹ̀ ti hu ewú.

Ìyá Medúpín rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́:
"Èmi, odidi ewé ni mo fi ń pọ́n ọn.
Ìwọ bọ́ efinrin síhòòhò,
o wá ní kó má sá!"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi dé abẹ́ igi kajú.
Mo ha oje, mo lọ̀ ọ́, mo yọ́ ọ sómi,
mo fi bo ẹ̀kán òróró lọ́kọ̀ọ̀kan,
ilé tíntìntín tí ojú kò lè rí,
tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí
àfi tí ọ̀rinrin bá kàn án.

Ọjọ́ karùn-ún, mo tú ọ̀lẹ̀lẹ̀ níwájú rẹ̀.
Efinrin ṣì wà nílé.
Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i po,
ó bù ú tọ́ wò.
Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.