Ẹ̀kúnwọ́ Kan

Kí ìyá mi tó da ìrẹsì sínú omi, láàárọ̀, lálẹ́,
á kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀.
Ti Olúwa nìyẹn.
Agolo mílíìkì àtijọ́ ló ń dà á sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.
Bó bá di Sátidé, àwọn obìnrin ìjọ á wá gbà á,
bí wọ́n ṣe ń gbà á ní gbogbo ilé tó wà lórí òkè wa.
Lọ́dún tí ọparun tanná, tí eku jẹ oko wa tán,
ó bù ú.
Lálẹ́ ọjọ́ tí a sin Mawia, àbúrò mi,
ó bù ú.

Ọjọ́ Túsìdé ló ṣubú, ìpọnkò lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan
bí aṣọ tí a fi ìṣó kan ṣoṣo kọ́.
Ó pè mí; orúkọ tó pè kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Òjò ti fa òkè ya, ó dí ọ̀nà Aizawl.
Bàbá mi, tó ti ń wa jíìpù gba ibẹ̀ láti ogún ọdún,
jókòó sídìí ọkọ̀ tó ń ké, tó ń rì.
Àwọn ọ̀dọ́ ló fi ọparun méjì àti aṣọ ìbora ṣe àkéte,
wọ́n gbé e la ẹrẹ̀ kọjá lókùnkùn.
Zova, tí wọ́n lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí ọtí,
òun ló wà níwájú.
Kò fẹsẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà Biaki fi àwòrán orí rẹ̀ hàn wá.
Ẹ̀jẹ̀ tó tú síbẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.
"Ẹ jẹ́ ká máa retí," ló wí.
Mo retí. Mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù
títí orúnkún mi fi kú.
Mo sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n sọ.
Fáànù ń yí. Ẹnì kan ń wúkọ́ ní bẹ́ẹ̀dì kejì.
Láti kékeré ni mo ti ń wo òkè kí n tó gbàdúrà;
òkè náà ló ya lù wá yìí.
Mo sọ ìyẹn fún Ọlọ́run pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ sílé lọ kó aṣọ.
Mo bá bàbá mi nídìí ààrò,
ọkùnrin tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láti ìgbà Mawia.
Ó ti wọn ìrẹsì, kò tíì bomi sí i.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú agolo.
Ó dúró. Ó tún bu òmíràn.
"Ti Túsìdé nìyí," ó ń kùn. "Ti Wẹsidé rèé.
Kó má baà jí, kó bá gbèsè."
Kò dijú. Kò ṣe Àmín.
Ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ti ìyá mi lọ fíìfíì;
mo ní lọ́sẹ̀ yìí, Ọlọ́run á yó.
Ẹ̀rín ni mo fẹ́ rín. Ẹkún ló jáde.
Mo wẹ ọwọ́ mi, mo bá a dáná.

Ó ti padà sílé báyìí, ìyá mi.
Lánàá ó pè mí ní Empuii;
Rempuii ni mò ń jẹ́, lẹ́tà kan péré ló kù sọ́nà.
Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lè dì.
Bó bá bu ìrẹsì, á máa jò láàárín ìka rẹ̀,
kó tó dé agolo, á ku bí ogún hóró.
Adìyẹ ń ṣa ìyókù nílẹ̀.
Bàbá mi na ọwọ́, ó tún fà á padà.
Omi ti ń hó tipẹ́ lórí iná.
A dúró dè é.