Pẹ́ńsù Ni Mo Fi Kọ Wọ́n

Àárọ̀ Ọjọ́rú, Ìlọrin ò tíì jí tán,
ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló kọjá lójú títì Òkè-Òyì.
Kòrónà ti ti ọjà, ó ti ti mọ́ṣáláṣí,
ó wá nà gbalaja sórí ibùsùn wa
bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé.
Mo ṣí ìwé tíátà:
orúkọ mẹ́rìnlá, àgbá ọ́síjìn mẹ́ta.
Dókítà Bámigbóyè na pẹ́ńsù sí mi.
"Nọ́ọ̀sì, má fi tàdáwà kọ ọ́. Ọ̀la lè yí i padà."

Ìlú òkúta tí a fi ń lọ irin nìyí.
Abẹ mú, ó ń dán nínú àwo;
èémí tí a ó fi tì í lẹ́yìn ni kò tó.

Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ dódò ní í mu omi tó tòrò.
Mo gbé òwe yẹn lé ìwé lórí, kò jókòó.
Bàbá Jìmọ́ọ̀ ti Àgbàjí ló kọ́kọ́ dé, láti oṣù Ṣẹrẹ.
Jẹjẹrẹ tirẹ̀ ń rìn bí ìgbín,
abẹ́rẹ́ lè so ó mọ́lẹ̀ títí iṣu tuntun á fi jáde.
Sàfúrà, amọ̀kòkò Òkèlele, àná ló dé,
ìfun rẹ̀ ti dí, ikùn rẹ̀ le bí ìkòkò tí iná jó jù.
Àná ló dé, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀la lápò.
Mo kọ ọ́ sí ìkíní.

Fóònù dún. Ẹnìkan ń pè láti ọ́fíìsì ńlá,
àbúrò òun ni nọ́ńbà kọkànlá, kí n wá nǹkan ṣe sí i.
Mo ní, "Alàgbà, ẹ gbé fóònù fún jẹjẹrẹ náà,
kó fẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe ń sáré tó."
Ó pa fóònù. Ọwọ́ mi gbọ̀n díẹ̀.

Dókítà ní ká má wo ojú, ká má wo aṣọ,
ká béèrè ohun tí dídúró máa gbà lọ́wọ́ aláìsàn,
ohun tí wọ́ọ̀dù tó kún fún ikọ́ náà lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó rọrùn lẹ́nu.

Nọ́ńbà kẹrin: Moróhunkẹ́, Òmù-Àrán.
Àbúrò ìyá mi, tó pọ̀n mí lọ sílé ìwé
lọ́dún tí omi gbé afárá lọ.
Kókó ọmú rẹ̀ kò ju ẹ̀pà lọ,
oògùn oníhóró lè dá a dúró fóṣù mẹ́ta.
Dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Mo fi rọ́bà pa á rẹ́, mo kọ ọ́ sí ìkejìlá.
Ojú ibẹ̀ kò funfun tán:
gbé ìwé sóòrùn, wàá ṣì rí "Moró".

Mo pè é. Ó dákẹ́, mò ń gbọ́ àkùkọ ilé wọn.
"Ta ló gba àyè mi?"
Mo ní ẹnìkan tó ń mọ ìkòkò.
"Ṣé ó lọ́mọ?"
Mo ní a kì í béèrè ìyẹn.
"Ẹ̀yin lẹ ò gbọdọ̀ béèrè. Èmi ń béèrè
kí n lè mọ iye ẹni tí mò ń dúró fún."

Aago méje, wọ́n ti Sàfúrà wọlé.
Amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.
Mo rọra ń fọ̀ ọ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn,
pẹ́ńsù ṣì há sí mi létí.