Nígbà Tí Odó Bá Dákẹ́

Ìlúpéjú lorúkọ ìlú wa.
Ìrọ̀lẹ́ ni ìlú máa ń pé lóòótọ́,
bí olóko bá ti sọ àdá kalẹ̀,
tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láti ojúlé dé ojúlé,
gbì, gbì, gbì,
títí òkè ẹ̀yìn ilé ìwé yóò fi gbà á lẹ́nu wa.

Erdoo kò sí lára àwọn tó pé.
Abẹ́ bẹ́ǹṣì ni mo ti bá a
ní yàrá kẹta ilé ìwòsàn kékeré wa,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàtà ẹsẹ̀ òsì mú
bí ẹni pé bàtà náà fẹ́ sá.
Àbúrò bàbá rẹ̀ ló lọ mú un ní Bẹ́núè,
ẹni tó ń kọ ebè fún wọn lọ́nà Oyè.
Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kò tíì sunkún.
Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ yìí ní Adó:
tẹ́ okùn sílẹ̀, kí ọmọ pè é ní ọjọ́ ayé rẹ̀,
òkúta fún ohun tó dun ọmọ,
òdòdó fún ohun tó dùn mọ́ ọn.
Òkúta kò wọ́n ní Èkìtì.
Òdòdó ni mo lọ tọrọ lẹ́yìn ilé pásítọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, okùn dá wà nílẹ̀ bí òkú ejò.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé òdòdó kan lé e:
ajá kan, ó ní, etí rẹ̀ ọ̀kan funfun.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bọ́ síta,
ó ń ti òkúta kan bọ̀ tí èmi gan-an kò lè gbé,
ó tì í dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e,
ó ní ó tó fún òní.
Mo ní ó tó.

Èmi ti mọ ohun tó ń ṣe é. Mo kọ ọ́ sínú ìwé:
ìró odó jọ ìró ìbọn létí ọmọ yìí.
Mo káàkiri àdúgbò, mo ń bẹ̀bẹ̀,
ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra gún un.
Yèyé Ibíronkẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀:
"Kí n máa yọ́ uyán gún n'ulé mi?"
Síbẹ̀ ó yọ́ ọ gún. Gbogbo wọn yọ́ ọ gún.
Ọmọ kò yé wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ọjọ́ tí òjò kò jẹ́ ká lọ sílé
ni Erdoo tó sọ orúkọ òkúta náà,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà,
àbúrò bàbá rẹ̀ ń túmọ̀ fún mi.
Ìyá òun ló ń gún iyán.
Òun jókòó tì í, òun ń kà á,
bẹ́ẹ̀ ni ìyá ṣe kọ́ òun ní òǹkà.
Òun kà á dé mẹ́tàdínlógún.
Òun ń retí ìkejìdínlógún.
Ibẹ̀ ni ògbufọ̀ mi ti kọjú sí ògiri.

Mo fa ohun tí mo kọ rẹ́.
Kì í ṣe dídún odó.
Dídákẹ́ rẹ̀ ni.

Odó wo ni kì í dákẹ́?
Bí iyán bá kúnná, ọwọ́ á dúró.
Mo padà lọ bá Yèyé, mo wí fún un.
Ó fi etí aṣọ nu ọmọ odó, ó pẹ́ lórí rẹ̀.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó gún un kíkankíkan,
bó ti dáwọ́ dúró, ó ké láti ẹ̀yìnkùlé:
"Erdoo o! Mo ti gún un tán! Mo wà níhìn-ín!"
Ojúlé kejì gbà á: "Èmi náà wà níhìn-ín!"
títí dé ilé kátíkíìsì, tí kò lè pe orúkọ náà,
tó ń pè é ní Ẹ̀dùú.

Ẹ má rò pé ó ti tán.
Ó ṣì ń wọ bàtà sùn.
Okùn ṣì gùn lọ sápá ọ̀hún
níbi tí a kò tíì gbé nǹkan kan lé.
Àmọ́ lánàá, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ Yèyé,
ó ń gún, ó ń kà á ní èdè ìyá rẹ̀,
èmi ń fi ìka bá a kà á lábẹ́ aṣọ,
mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún,
ó dúró.
Gbogbo wa dúró.
Ajá kan gbó lọ́nà odò.
Gbì.