Ìlà Tó Wọ́

Ẹni tó mọ ẹní hun ní Ògòtún
kì í wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń hun ún.
Ojú Ìbíyẹmí a wà lójú ọ̀nà,
ẹnu rẹ̀ a máa fi àwọn tó ń ti oko bọ̀ ṣẹ̀fẹ̀,
àwọn ìka a sì máa ka fọ́nrán fúnra wọn:
pupa méjì, dúdú kan, pupa méjì.

Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀
bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.
Pupa mẹ́ta. Dúdú kan. Ó dúró.
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìlà yìí mà wọ́."
Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n." Kò tú u.

N ò fura. Ta ní í fura sí "ẹ̀ẹ́n"?

Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó dá.
Odó rẹ̀ dojúdé lẹ́yìnkùlé,
adìẹ sọ ìdí rẹ̀ di ibùsùn.
Yèyé wa ní, "Ulé tí a ò gbọ́ ìró odó,
ebi ni, àbí ọ̀fọ̀ ni."
Ebi kọ́: iṣu wà nínú àká, ó ti ń hù.
Ọ̀fọ̀ kọ́: a ò sin ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní wọ́n ń ṣe é ni.
Wòlíì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta,
ẹni tí kò jẹun kánú láti ọ̀sẹ̀ méjì!
Àkùkọ ò tíì kọ, ojú rẹ̀ ti là;
oòrùn á kan àtàrí, kò ní tíì dìde.
Àyà rẹ̀ ń já nígbà tí nǹkan kan ò já.
Ìró kan náà, ọjọ́ márùn-ún.
Ó ní, "Ó rẹ̀ mí."
Mo ní, "Iṣẹ́ wo lo ṣe?"
Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń tì mí lójú.

Alẹ́ kan, iná ò sí,
mo jókòó tì í lórí ẹní tí kò hun parí.
Ẹ̀rù ń bà mí, mo ṣáà bi í:
"Ìbíyẹmí, ṣé ó máa ń wù ọ́ kí ilẹ̀ má mọ́ bá ọ?"
Ó pẹ́. Kòkòrò kan ń kọ lu àtùpà.
"Nígbà mìíràn," ló wí.
"Bí ẹni fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀."
Mo ti rò pé ìbéèrè náà ni yóò tì í ṣubú.
Èjìká mi ló ṣubú lé,
ó sì sunkún títí tí epo àtùpà fi tán.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣúntúyì ò rẹ́rìn-ín, kò sì ké "Jésù!"
Ó bi í nípa oorun, ó bi í nípa oúnjẹ,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń kọ ti ibà,
ó ní ká máa lọ sí Adó lóṣooṣù.

Kò ṣe wéré. Oògùn kọ́kọ́ mú un lójú wú,
a pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù kan dára, èkejì burú.
Àárọ̀ kan mo gbọ́ ọmọrí odó: kì. Kì.
Ó dákẹ́. Mo di èémí mú.
Kì.

Ó ti hun ẹní náà parí.
Oníbàárà kan ta á sí ọ̀pọ̀ nítorí ìlà tó wọ́.
Ó ní, "Kì í ṣe títà."
Èmi ni mò ń sùn lórí rẹ̀.