Wáyà Tó Dákẹ́

Oyèníhùn sọ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Takíe,
àgbàdo sísun lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì bù ú jẹ.
Ó ní, "Lásùnkànmí, kí ọwọ́ wa tó wọ ara wa,
ohun kan wà lára mi tí kì í lọ.
Hápíìsì ni wọ́n ń pè é. Ọdún kẹrin rèé.
Mo ń lo oògùn. Ó máa ń sùn, kì í kú."
Ó wá bu àgbàdo jẹ bí ẹni tó san gbèsè tán.

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́ lórí àkàbà,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀kadà tó ń lọ sí Sábó.
Mo ka mẹ́tàdínlógún kí n tó rí "Ó dáa" sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi pè é.
Ilé alájà kan ni mo ń wáyà,
mo fi pupa síbi dúdú, mo tú u, mo tún un so.
Múftáù tí a jọ kọ́ṣẹ́ ní, "Sá!
Bó o bá fi ife rẹ̀ mumi, ó ti parí."
Ta ló kọ́ Múftáù níṣẹ́ ara èèyàn?
Iná ló kọ́, iná náà kò sì mọ̀ ọ́n tán.

Lọ́jọ́ kẹrin mo gba ọsibítù lọ, ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Abíọ́nà.
"Ife kọ́," ó ní, "ṣíbí kọ́, ìjókòó ṣáláńgá kọ́.
Ara sí ara ni, níbi tí awọ ti rọ̀.
Bí egbò bá yọ, tàbí tí ibẹ̀ bá ń ta á bí abẹ́rẹ́,
ẹ yàgò fún ara yín títí yóò fi jinná."
Mo ní, "Bí kò bá sí egbò ńkọ́?"
Ó wò mí láti òkè gíláàsì tó fi òwú so.
"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo ní iṣẹ́ iná ni.
"Bí gílóòbù ò bá tàn,
ṣé ọwọ́ lásán lo fi ń di wáyà mú?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi níbi tí iná ti gbé mi rí,
ní Masífà, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́.
Ilé ṣókùnkùn, mo ní wọ́n ti mú iná lọ,
wáyà dákẹ́ bí ẹran tó sùn,
àfi gbì! nílẹ̀, láti orí àkàbà.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ó ní. "Ọjọ́ tó sùn ló pọ̀.
Ọjọ́ tó dákẹ́, tí iná sì wà nínú rẹ̀,
kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà.
Oògùn ojoojúmọ́ lè dín in kù, bí ìdajì.
Rọ́bà tún ń dín in kù, kò kàn bo gbogbo ibi.
N ò ní í sọ fún ọ pé òdo ni.
Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọjà ló ń tà."

Ó wá tẹ̀ síwájú. "Ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ yẹn, àpá kí ni?"
Mo ní ibà ni, ó ti ń yọ láti kékeré,
ìyá mi a fi àdí pa á, a ní ibà ń jáde.
Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, tí kò korò.
"Ó jọ pé ọmọ ìyá tirẹ̀ nìyẹn.
Àwọn tó o ti fẹnu kò lẹ́nu,
èwo lo kọ́kọ́ sọ fún nínú wọn?"

Mo ka orúkọ lọ́kàn. Mo dákẹ́.
Ẹni tí mo ń sá fún ló sọ̀rọ̀.
Èmi tí mo ń sá ni mi ò sọ.

Mo dé Arówómọlé lálẹ́, tẹ́sítà ṣì wà lápò àyà mi.
Mo sọ ti ètè mi, mo ṣì í sọ, mo tún un sọ.
Ó ní, "Tóò. Àwa méjèèjì la rù ú."
A ò tíì pinnu. Mo fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná.
Ó ní bí oyún bá dé lọ́jọ́ kan, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.
Mo ní ọ̀nà ìyẹn ṣì jìn.
Ó ní kì í jìn lójú ẹni tó ń fẹ́ ọmọ.

"Lálẹ́ òní ṣá," ó ní, "ibẹ̀ ń ta mí.
Jókòó sọ́hùn-ún, kó o bó máńgòrò fún mi."
Mo bó o. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi.
Wọn ò tíì mú iná dé.
Ó na ẹsẹ̀ sórí itan mi, àtẹ́lẹsẹ̀ tútù,
mo sì dì í mú, láìwọ ìbọ̀wọ́.