Ọ̀pá Ìwọ̀n

Bàbá mi, Làmídì, fi ọdún mọ́kàndínlógún wọn irin
nílé-iṣẹ́ ọ̀nà Ìkìrun, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn pa.
Ohun tó mú bọ̀ wálé kò ju rúlà irin kan lọ
àti ọ̀rọ̀ kan tó máa ń já lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń sín:
“Bí ìwọ̀n bá yẹ̀, má tíì bá irin jà.
Wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ.”

Lálẹ́ àná iná lọ ní Òkè-Báálẹ̀.
A tẹ́ ẹní sórí dẹ́kì, mo ń sọ fún un
pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń sá fún ara wọn,
pé eré wọn ń le sí i dípò kó rọ̀,
àfi bí ẹni ju mángòrò sókè
tí mángòrò kọ̀ tí kò bọ̀, tó tún ń yára lọ.

“Ta ló ń tì wọ́n?”
Mo ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pè é ní agbára òkùnkùn,
ìdá méje nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tó wà,
kò lóòórùn, kò lójú, ẹnìkan ò dì í mú rí.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá sí i.
“Ìdá méje! Ẹ ò tíì rí olè,
ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ti fún un nílé gbé.”

Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, mo ní.
Àwa kan ń bi òfin òòfà fúnra rẹ̀ léèrè.
Òótọ́ ni, ó ń mú mángòrò wálẹ̀, ó so òṣùpá mọ́lẹ̀,
ṣùgbọ́n ta ló bá a dé ibi tí ìmọ́lẹ̀
fi bílíọ̀nù ọdún rìn?
Bóyá lọ́hùn-ún òòfà a máa dẹwọ́,
bí okùn ìsáṣọ tó gùn jù.

N kò purọ́ fún un. Mo sọ ti òkú ìràwọ̀ méjì
tó forí gbárí:
ìwárìrì òòfà àti ìmọ́lẹ̀ wọn jọ rìn, wọ́n jọ dé,
ìṣẹ́jú-àáyá méjì ò pé láàárín wọn.
Lọ́jọ́ tí mo gbọ́, mo fi bírò pupa
fa ìlà sórí ìṣirò ọdún mẹ́ta.
Ó ku ojú-ewé mẹ́rin.

Ó dákẹ́. Ọ̀kadà kan kọjá lọ sí Alékúwodò.
“Mẹ́rin yẹn ńkọ́?”
Wọ́n ṣì dúró, mo ní. N kò mọ̀ títí di ìgbà wo.

Ó na rúlà sí ọ̀run, ó di ojú kan,
ó wọn àlàfo ìràwọ̀ méjì. Mo tan iná fóònù fún un.
“Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ó lé díẹ̀.”
Ó fi etí aṣọ nu irin náà, ó tún un wọ̀n.
“Díẹ̀ yẹn,” ó ní,
“òun ni kì í jẹ́ kí n sùn nígbà náà.”