Ẹsẹ̀ Kan ní Èbúté

Aago méjì òru ti lé ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Òjò dídì ń lu fèrèsé ọ́fíìsì wa ní Tallinn,
kọfí mi ti tutù,
Kaisa tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ṣì ń sùn.
Ní abúlé kan lẹ́bàá Haapsalu
bàbá arúgbó kan, Endel Rannamets,
ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ fóònù:
ó fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ sí Hiiumaa,
òun àti mọ́tò rẹ̀ tó ti dípẹtà nídìí,
torí àbúrò rẹ̀ obìnrin wà nínú pósí,
ọ̀sán ni wọn yóò sin ín.

Ohun kan ló béèrè. Ìwé mẹ́ta ni.
Ìwé àyè mọ́tò wà nínú ẹ̀rọ kan níbí,
ìwé ìjókòó wà nínú òmíràn ní Tartu,
owó rẹ̀, yúrò mẹ́tàdínlógún, wà ní Narva
níbi tí iná mànàmáná ti máa ń ṣẹ́jú.
Ẹ̀rọ mẹ́ta tí kò rí ojú ara wọn rí,
okùn lásán ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ dídì.
Ẹ ṣáà rò ó wò:
bí wọ́n bá yọ owó, tí mọ́tò ò ráyè ńkọ́?
Bí mọ́tò bá ráyè, tí ẹni tó ni ín ò jókòó?
Ẹsẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan ní èbúté,
omi ló ń jẹ irú wọn.

A wá yan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ṣe alákòóso.
Kò lówó lọ́wọ́, kò ní ọkọ̀,
ìbéèrè nìkan ló ní.
Ṣé o ti ṣetán?
Tallinn kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ná kó tó fọhùn:
Mo ti ṣetán.
Tartu náà ní òun ti ṣetán.
Narva dákẹ́.
Ó dákẹ́ pẹ́ débi pé mo dìde dúró.
Ó wá ní, Mo ti ṣetán,
iná sì lọ.

“Mo ti ṣetán” kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ.
Ẹni tó bá sọ ọ́ ti ti àgádágodo mọ́ ara rẹ̀,
kò lè yẹ̀ ẹ́, kò sì lè dá ṣe é,
ẹni tó béèrè ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.
Ẹyin lohùn.
Alákòóso rọra gbé e kalẹ̀,
ó kọ ọ́ síbi mẹ́ta, bí ikú bá tilẹ̀ pa òun:
Ó ti di ṣíṣe.

Lákòókò yẹn awakọ̀ ẹja kan na ọwọ́ sí àyè kan náà;
wọ́n ní kó sún sẹ́yìn, kó tún wá.
Triinu, ọmọ Pärnu, kàn ń wo iye àyè tó kù;
àwòrán àná ni wọ́n fi hàn án,
bí ẹni pé bàbá ò béèrè nǹkan kan.
Irọ́ kọ́ o. Ohun tí kò tíì ṣẹ tán
kò tíì ṣẹ.

Jẹnẹrétọ̀ Narva húkọ́, ó húkọ́, ó gbà.
Ẹ̀rọ náà jí, ó ṣí ìwé rẹ̀,
ó bá ọwọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀: Mo ti ṣetán,
kò sì rántí ohun tó ṣetán fún.
Ó béèrè: Kí lẹ fẹnu kò sí?
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni alákòóso ti ń ké sí i,
Ṣe é, ṣe é;
ẹ̀ẹ̀kan péré ni Narva yọ yúrò mẹ́tàdínlógún.

Ìyá mi bi mí nígbà kan pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe.
Mo ní, mò ń lé ìdajì kúrò nílé.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá jẹun.

Fóònù bàbá dún. Kò tilẹ̀ wò ó,
ó ń wá ṣòkòtò dúdú rẹ̀ kiri yàrá.
Kaisa wọlé, òjò dídì léjìká rẹ̀:
“Ṣé nǹkan kan ṣẹlẹ̀?”
Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ ni,”
mo lọ da kọfí náà nù.